ATAARE NÍNÚ ÌKÒKÒ ÀTI NÍNÚ ÀGBO
Ẹ̀kọ́ lórí ataare wa àti kádámọ́mù, ìbátan rẹ̀



Ní ọdọọdún, bí àwọn ará wa tí ó lọ sí Mẹ́kà bá ti padà dé, a máa ń rí èso kékeré kan nínú ẹrù wọn. Ó gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ewé, òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán. Wọn a ní inú kọfí tí àwọn Lárúbáwá fi ń ṣe àlejò ni àwọn ti bá a pàdé. Ìbéèrè tí ó máa ń tẹ̀ lé e ni pé: “Ṣé kì í ṣe ataare nìyí?”

Èsì wa ni pé kì í ṣe ataare, ṣùgbọ́n ìbátan ataare ni. Kádámọ́mù ni orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè yìí ni ó mú wa kọ ẹ̀kọ́ ti òní. Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ọ̀nà tí a lè gbà fi ataare se oúnjẹ, ohun tí ó lè ṣe fún ara àti ohun tí kò lè ṣe, àti bí a ṣe lè gbìn ín. Ìkejì ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

1. ÌDÍLÉ KAN NÁÀ NI WỌ́N

Àwọn onímọ̀ nípa ewéko pín àwọn ohun ọ̀gbìn sí ìdílé-ìdílé. Ìdílé kan náà ni atalẹ̀, atalẹ̀ pupa, ataare àti kádámọ́mù ti wá. Zingiberaceae ni wọ́n ń pe ìdílé náà. Orúkọ tí wọ́n fún ataare ni Aframomum melegueta, ti kádámọ́mù sì ni Elettaria cardamomum. Ẹni tí ó bá ti gbin atalẹ̀ rí kò ní ṣòro fún láti dá wọn mọ̀. Gbogbo wọn ni ó ní gbòǹgbò tí ó nípọn tí ó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, ewé wọn gùn, òórùn sì wà lára wọn. Ní ti atalẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ni à ń jẹ. Ní ti ataare àti kádámọ́mù, hóró inú èso wọn ni à ń lò.

Àwọn òkè tí òjò ti ń rọ̀ púpọ̀ ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, ní agbègbè Kerala, ni orírun kádámọ́mù. Àwọn ará Íńdíà ń fi í sí tíì, wọ́n ń fi í sí ìrẹsì aládùn tí wọ́n fi mílíìkì sè, wọ́n sì ń fi í sí ẹran. Nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ wọn, a máa ń jẹ ẹ́ lẹ́nu lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹnu má bàa rùn, kí inú tí ó kún fún afẹ́fẹ́ sì lè fúyẹ́. Ní Sweden àti Finland, inú búrẹ́dì aládùn ni wọ́n ń fi í sí. Oríṣi mìíràn wà tí ó tóbi, tí ó sì dúdú, ní Nepal àti Bhutan. Orí iná ni wọ́n ti ń yan án gbẹ, nítorí náà òórùn èéfín máa ń wà lára rẹ̀. Ní Ẹtiópíà, korarima ni wọ́n ń lò, èyí tí ó sún mọ́ ataare wa ju kádámọ́mù Íńdíà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti Guatemala, ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, ṣe àríkọ́gbọ́n. Kádámọ́mù kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wọn. Ará Jámánì kan tí ó ń gbin kọfí níbẹ̀ ni ó mú un wọ ilẹ̀ náà kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Lónìí, Guatemala wà ní ipò iwájú láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tí ń tà á fún gbogbo ayé. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń wá láti oko kéékèèké, lábẹ́ ibòji igi, lọ́wọ́ àgbẹ̀ bíi tiwa. Àwọn fúnra wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá ni ọjà rẹ̀ wà. Bí ohun ọ̀gbìn tí ó jẹ́ àlejò bá lè di owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ kékeré, kí ni ó dé tí ataare, ọmọ bíbí ilẹ̀ wa, yóò fi jẹ́ ohun tí à ń sáré lọ rà lọ́jà nígbà tí ìkómọ bá ku ọ̀la?

2. BÍ ARÁYÉ ṢE MỌ ATAARE

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ataare níbi ìsọmọlórúkọ àti níbi ìgbéyàwó. A ń gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú obì, orógbó, oyin àti iyọ̀, a sì ń fi í gbàdúrà ọmọ púpọ̀, nítorí pé hóró inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń kà tán bọ̀rọ̀. Àwọn aládùúgbò wa náà mọ̀ ọ́n. Ose ọjị ni àwọn Ígbò ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ata tí à ń fi jẹ obì. Atakun ni àwọn Fọn ní ilẹ̀ Benin ń pè é. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun kò gbàgbé rẹ̀. Ní Brazil àti ní Kúbà, àwọn tí ń bọ òrìṣà ṣì ń lò ó títí di òní, orúkọ Yorùbá náà ni wọ́n sì fi ń pè é.

Òyìnbó pàápàá ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Kí ọkọ̀ ojú omi wọn tó dé etíkun wa, àwọn oníràkúnmí ti ń gbé ataare la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, a sì ń tà á ní ọjà Yúróòpù ní ọ̀wọ́n gógó. Wọ́n sọ ọ́ ní “hóró Párádísè.” Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú omi wá kó o, òwò yìí ni ó sì mú kí wọ́n máa pe etíkun ibi tí Làìbéríà wà lónìí ní Etíkun Hóró. Lẹ́yìn náà, àwọn apọntí Gẹ̀ẹ́sì ń fi í sí bíà wọn kí ó lè gbóná lẹ́nu bí ọtí tí ó le, títí ìjọba wọn fi ṣe òfin ní 1816 pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń pọn bíà kò gbọ́dọ̀ ní in lọ́wọ́.

Ẹ rí i pé ohun tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú igbó kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ.

3. ATAARE NÍNÚ OÚNJẸ

Ataare gbóná lẹ́nu bí ata, ṣùgbọ́n ó ní òórùn dídùn tí ata kò ní. Òfin mẹ́ta ni kí ẹni tí ó ń fi í se oúnjẹ mọ̀.

Èkíní, ẹ má ṣe bó o, ẹ má sì ṣe lọ̀ ọ́ sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Òórùn rẹ̀ a fò lọ. Ẹ jẹ́ kí hóró wà nínú èèpo títí di ìgbà tí iná bá ti wà lábẹ́ ìkòkò.

Èkejì, ẹ má tètè dà á sí ọbẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná ni kí ẹ dà á sí i, kí òórùn rẹ̀ má bàa bá ooru lọ.

Ẹ̀kẹta, ìwọ̀nba. Ataare tí ó bá pọ̀ jù a máa korò, a sì máa ta ọ̀nà ọ̀fun.

Pẹ́pẹ́súùpù ilé. Ẹ wá ẹran ewúrẹ́ tàbí ẹja àrọ̀ tí ó tó kílò 1, àlùbọ́sà 1, èso èèrù 2, ìdajì ṣíbí tíì iyèré tí a ti lọ̀, ìdajì ṣíbí tíì hóró ataare tí a ti lọ̀, ata díẹ̀, iyọ̀, àti ewé ẹ̀fínrín ẹ̀kúnwọ́ kan. Ẹ fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ bọ ẹran títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀. Ẹ fi èèrù, iyèré àti ata sí i. Ẹ jẹ́ kí ó hó fún bí ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi ataare àti ẹ̀fínrín sí i, kí ẹ dé e, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 5. Bí ó bá jẹ́ ẹja, èèrù, iyèré àti ata ni kí ẹ kọ́kọ́ sè, kí ẹja má bàa fọ́. Kí ata inú rẹ̀ dín sí bí ẹ ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, nítorí pé ataare yóò ṣe ìyókù.

Ẹran tàbí ẹja sísun. Ẹ lọ ataare odidi 1 pẹ̀lú atalẹ̀ tí ó tó ìka kan, àlùbọ́sà kékeré àti iyọ̀ lórí ọlọ. Ẹ fi pa ẹran tàbí ẹja lára, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ tó gbé e sórí iná ẹ̀yìn.

Omi ìṣápá, tí a tún ń pè ní sóbò. Níbi tí ẹ bá ti ń fi atalẹ̀ àti kànáfùrù sí i, ẹ lè fi hóró ataare 10 tí a fọ́ díẹ̀ sí ìkòkò lítà 4, kí ẹ sì dín atalẹ̀ kù. Ẹ sẹ́ ẹ dáadáa kí hóró má bàa há ọmọdé lọ́fun.

Tíì. Ẹni tí ó ti mọ adùn tíì tàbí kọfí tí a fi kádámọ́mù sí, tí kò sì rówó rà á, lè lo ataare. Hóró 3 tàbí 4 tí a fọ́ ti tó fún ife kan. Kò ní rí bí kádámọ́mù gẹ́lẹ́, nítorí pé ataare ta ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mu ún kò ní sọ pé òun kò jẹ ohun dídùn.

4. OHUN TÍ ATAARE LÈ ṢE FÚN ARA

Àwọn àgbà wa ń lo ataare fún inú rírun, inú kíkún, ìrìndọ̀, ikọ́, ọ̀fun dídùn àti ara ríro. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ òde òní kò pe gbogbo èyí ní irọ́. Wọ́n yẹ ataare wò, wọ́n sì rí i pé àwọn èròjà tí ó ń mú un gbóná lẹ́nu jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú ti atalẹ̀: gingerol, shogaol àti paradol. Párádísè tí òyìnbó fi ń pe ataare ni wọ́n fi sọ paradol lórúkọ. Àwọn èròjà wọ̀nyí ni ó ń mú kí itọ́ sun, kí inú gbóná, kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì dẹ̀. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Japan gbé àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n fún àwọn ọkùnrin kan ní omi ara ataare tí a fún, wọ́n sì rí i pé ara wọn ń jó oúnjẹ dànù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀.

A tún ti rí i nínú ìdánwò pé omi ataare lè dá àwọn kòkòrò àìsàn kan dúró. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí yìí. Ohun tí ó pa kòkòrò nínú àwo ìdánwò lè má pa á nínú ara ènìyàn. Nínú àwo, oògùn àti kòkòrò wà lójú kan. Nínú ara, ataare tí a gbé mì ní láti gba inú ikùn àti ẹ̀dọ̀ kọjá kí ó tó dé àyà, ohun tí ó sì máa ń kù lára agbára rẹ̀ lè má tó nǹkan.

Nítorí náà, ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé ataare dára fún ìnira kékeré. Fún àgbàlagbà tí inú rẹ̀ kún tàbí tí ọ̀fun ń dùn, ẹ fọ́ hóró 5 tàbí 6, ẹ da omi gbígbóná ife 1 lé e, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 10, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi oyin díẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ti tó, kí ó má sì ju ọjọ́ 3 lọ. Fún ara ríro, ẹ lè lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ pò ó mọ́ òrí, kí ẹ fi para. Ẹ má fi í sí ojú ọgbẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọwọ́ tí a fi pò ó kan ojú.

5. IBI TÍ AGBÁRA RẸ̀ MỌ

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ibùdó tí ilé ìwòsàn jìnnà sí. Ọmọ ọdún méjì ń wúkọ́. Ìyá ọkọ ní: “Ìyàwó, mú ataare wá kí n rún un sí i láyà. Kí o sì fi díẹ̀ sínú oyin fún un.” Ìyàwó ní: “Ẹ ṣeun, Màámi.” Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, ọmọ kọ oúnjẹ, èémí rẹ̀ sì ń sáré. Ìyàwó ní: “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí ó ṣe ń mí. Ṣé kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì?” Ìyá àgbà ní: “Oògùn tí kò bá jẹ́, ewé kan ni ó kù. Jẹ́ kí a fi orógbó kún un ná.” Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta fi máa mọ́, ọmọ kò lè gbé omi mì mọ́, alùpùpù tí yóò gbé e sì ti lọ sọ́jà.

Ìyá àgbà yìí kò fẹ́ ibi fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìfẹ́ ni ó mú un ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n òtútù àyà ni ó wọ ọmọ náà lára, òtútù àyà kò sì gbọ́ èdè ataare. Oògùn tí ń pa kòkòrò àìsàn, tí a ń fúnni ní ilé ìwòsàn, ni ó gbọ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọmọ náà lọ ní ọjọ́ kejì, oògùn tí a ń gbé mì nílé lè tó o. Àwọn baba wa ní àìsàn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Àsìkò tí ó wà láàárín àìsàn àti ikú ni a kò gbọ́dọ̀ fi ataare jẹ tán.

Báwo ni ìyá ṣe lè mọ̀? Ẹ jẹ́ kí ọmọ dákẹ́ ẹkún, kí ẹ gbé aago sílẹ̀, kí ẹ ka iye ìgbà tí àyà tàbí ikùn rẹ̀ gbé sókè ní odindi ìṣẹ́jú 1.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2: bí ó bá tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu wà.
Ọmọ oṣù 2 sí oṣù 11: bí ó bá tó 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu wà.
Ọmọ ọdún 1 sí ọdún 5: bí ó bá tó 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu wà.

Bí iye náà bá pé bẹ́ẹ̀, tàbí bí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ bá ń wọlé nígbà tí ó bá ń mí sínú, tàbí bí kò bá lè mu ọmú tàbí omi, tàbí bí gìrì bá mú un, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ọ̀la.

Àwọn ìgbà mìíràn tí ataare kò lè gba ipò ìtọ́jú nìwọ̀nyí:

(i) Ikọ́ tí ó bá ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ. Ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà.

(ii) Ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé. Omi tí ó ń jáde lára rẹ̀ ni ó ń pa á. Ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà ti ilé ìwòsàn. Bí kò bá sí, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí a gé lórí àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì mọ́ omi mímọ́ lítà 1. Iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ má sì dá ọmú tàbí oúnjẹ rẹ̀ dúró.

(iii) Ibà. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì lo oògùn ibà pé.

(iv) Kí ejò ṣán ènìyàn. Èyí kan ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn jù lọ, níbi tí paramọ́lẹ̀ kéékèèké ti ń ṣọṣẹ́ fún àgbẹ̀. Ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹnu fa ibẹ̀, ẹ má fi okùn dè é pinpin, ẹ má sì jókòó ti ataare jíjẹ. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ó ṣán dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ gbé ẹni náà lọ síbi tí abẹ́rẹ́ oró ejò wà. Ó yẹ kí olúkúlùkù ibùdó ti béèrè ilé ìwòsàn tí ó ní abẹ́rẹ́ yìí kí ọjọ́ ibi tó dé.

6. ÀWỌN TÍ Ó YẸ KÍ WỌ́N ṢỌ́RA

Aboyún. Èyí tí ó bọ́ sínú ọbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń wí. Àgbo tí a fi ataare púpọ̀ ṣe ni à ń wí. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Nàìjíríà fún èkúté tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ní omi ataare, wọ́n sì rí i pé ó lè ba oyún náà jẹ́. Ènìyàn kì í ṣe èkúté, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí aboyún yóò fi fi oyún rẹ̀ dán an wò.

Ọmọ ọwọ́. Ọmú ìyá nìkan ni oúnjẹ ọmọ títí yóò fi pé oṣù 6. Kí a má fi oyin sí ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, nítorí pé àìsàn kan tí ń mú iṣan rọ lè ti ibẹ̀ wá. Níbi ìsọmọlórúkọ, kí àwọn òbí àti àgbà tọ́ ataare àti oyin wò ní orúkọ ọmọ. Ìyá ni yóò jẹ ẹ́, ọmọ ni yóò gba àdúrà. Kò sí ohun tí ó dín nínú àṣà wa. Kí a sì jáwọ́ nínú kí a máa jẹ ataare lẹ́nu kí a sì tu ú sí ọmọ lára tàbí sí ìwọ́ rẹ̀, nítorí pé kòkòrò àìsàn wà nínú itọ́ àgbàlagbà.

Àwọn tí ó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, tí wọ́n sì ń lo oògùn lójoojúmọ́, àti àwọn tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Kí wọ́n sọ fún dókítà bí wọ́n bá ń mu àgbo oní-ataare. Kí wọ́n má ṣe torí àgbo pa oògùn wọn tì.

7. BÍ A ṢE Ń GBÌN ÍN

Ataare fẹ́ ibòji, ó fẹ́ ilẹ̀ tútù tí ewé ti jẹrà sí, kò sì fẹ́ kí omi dúró sí ìdí rẹ̀. Abẹ́ kòkó, abẹ́ ọ̀pẹ àti abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára fún un. Ẹ̀yin tí ilẹ̀ yín jẹ́ ọ̀dàn, ẹ wá etí odò tí igi ṣíji bò, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí oòrùn bá ń pa á tààrà, a máa pọ́n léwé, kò sì ní so dáadáa.

Gbòǹgbò ni kí ẹ fi gbìn, kì í ṣe hóró. Hóró tí a ti sá gbẹ kì í sábà hù, èyí tí ó bá sì hù máa ń pẹ́ kí ó tó so. Ẹ hú ìdí tí ó dàgbà nígbà tí òjò bá ti dúró déédéé. Ẹ gé gbòǹgbò rẹ̀ bí a ti ń gé atalẹ̀, kí ojú 2 tàbí 3 wà lára ègé kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbìn ín ní ìṣísẹ̀ 2 sí ara wọn, kí ó má sì jinlẹ̀. Ẹ ro koríko ìdí rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ewé tirẹ̀ yóò bo ilẹ̀.

Kò ní ga ju ènìyàn lọ. Ẹ má wá òdòdó rẹ̀ lókè. Nílẹ̀, ní ìdí rẹ̀ gan-an, ni òdòdó aláwọ̀ elése àlùkò yóò ti yọ, ibẹ̀ náà ni èso yóò sì wà. Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ń fi àdá tàbí ọkọ́ ro ibẹ̀.

8. KÍKÓ, SÍSÁ ÀTI TÍTÀ

Nígbà tí èso bá pọ́n ni kí ẹ kó o. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e, ẹ má ṣe fà á tu. Ẹ sá a sórí ẹní tàbí tábìlì, kì í ṣe sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, títí èèpo rẹ̀ yóò fi di àwọ̀ ilẹ̀, tí hóró yóò sì máa dún bí a bá gbọ̀n ọ́n. Bí òjò kò bá jẹ́ kí oòrùn ràn, ẹ gbé e sórí àjà ilé ìdáná. Èyí tí kò bá gbẹ dénú yóò bu, oníbàárà kò sì ní padà wá.

Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú agolo tí ó dé pinpin tàbí àpò tí ó mọ́. Ẹ má kó hóró ìbátan rẹ̀ inú igbó mọ́ ọn. Oríṣiríṣi ni wọ́n, kì í sì ṣe gbogbo wọn ni ó ta tàbí tí ó ní òórùn bíi tirẹ̀. Ẹni tí ó ń ra ataare fún ìyàwó ilé tàbí fún àlejò yóò là á wò. Odidi tí ó kún, tí èèpo rẹ̀ kò là, ni owó wà lára rẹ̀.

9. ÀKÓTÁN

Ní ìdílé tí a sọ̀rọ̀ wọn níṣàájú, ohun tí a fẹ́ kí ìyàwó náà lè sọ ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, lórí ìkúnlẹ̀, ni pé: “Màámi, ataare ti ṣe tirẹ̀. Ó ku ti nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí a jọ gbé e lọ.” Ohun tí a sì fẹ́ kí ìyá àgbà dáhùn ni: “Òótọ́ ni, ọmọ mi. Bá mi mú gèlè mi.”

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

(1) Dárúkọ ohun ọ̀gbìn 3 tí ó jẹ́ ìdílé kan náà pẹ̀lú ataare.
(2) Kí ni ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ tètè da ataare sí ọbẹ̀?
(3) Ọmọ oṣù 8 ń wúkọ́, ó ń mí ní ìgbà 56 ní ìṣẹ́jú 1. Kí ni kí a ṣe?
(4) Báwo ni a ṣe lè lo ataare níbi ìsọmọlórúkọ láìfi í sí ẹnu ọmọ?
(5) Ilé ìwòsàn wo ni ó sún mọ́ ibùdó yín jù lọ tí ó ní abẹ́rẹ́ oró ejò? Ta ni yóò lọ béèrè, ní ọjọ́ wo?

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kí olúkúlùkù ìdílé gbin ìdí ataare 10 sí abẹ́ ibòji ní àkókò òjò tí ń bọ̀.